Ẹ Kọ́ Ọ Kó Lè Sọ Pé “Mi Ò Mọ̀”: Lẹ́tà Ṣíṣí Láti Ilé Ìtẹ̀wé Kan ní Ṣómólú

Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ AI kékeré tó ń gbọ́ Yorùbá,

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mi ò mọ̀ yín lójú, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín torí ó wà nínú láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú mi yìí: ẹ̀rọ tó máa ń fúnra ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn bá bi í ní nǹkan. Gbogbo yín ni mò ń bá wí, yálà Àbújá lẹ wà, tàbí ẹ ti japa tí ẹ ń ti yàrá olótùútù ṣe é nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Yábàá ni mo dojú kọ jù. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ dé Onípànu, ẹ wọ danfó kọjá Fádéyí àti Jìbówú, ẹ ti délé. Bí mo bá pariwo dáadáa, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì wo prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, kí wọ́n tó ya pléètì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ irú iṣẹ́ tó ń wọlé: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, ìbéèrè ìdánwò àwọn iléèwé, rìsíìtì, páálí àgúnmu, pósítà olóṣèlú nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord kì í dákẹ́ ládùúgbò wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi bí iná bá lọ. Ìyẹn ni pé ó máa ń dákẹ́ dáadáa.

Kí n tó dé orí ẹ̀rọ yín, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ wa díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa ń kó wá kì í lórí, kì í nírù. Orí WhatsApp ló máa ń já sí ní aago márùn-ún ìdájí, kò sí àmì lókè, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀: “Eku ojo meta ma, e jowo e ba wa se program mama, ojobo la fe gba.” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì wà nígbà náà. Ẹlòmíì á fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méje gbáko. Inú danfó ló ti gbà á, bó sì ṣe fẹ́ pe orúkọ ọmọ kẹta tí olóògbé bí báyìí ni kọ̀ńdọ́ fi “Ojúẹlẹ́gba! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” bò ó mọ́lẹ̀. Màá tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo sì gbọ́dọ̀ to orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, torí bí ọmọ ìyàwó kékeré bá lọ ṣáájú ọmọ ìyálé lórí ìwé, ìjà tí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ òkú bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí, orí tábìlì mi ni wọ́n á ti jà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì ohùn. Òun ló ń pa mí lójú jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa jáde girama, wọ́n mọ CorelDRAW tí a fi ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n fi àmì sórí “oluwa”, wọ́n á máa wojú ẹ. Èmi nìkan ni mò ń fi àmì sí gbogbo ohun tó bá jẹ́ Yorùbá nínú ilé ìtẹ̀wé náà. Ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé mẹ́rìndínlógún lè gba odidi ọ̀sán mọ́ mi lọ́wọ́, kí Nẹ́pà sì mú iná lọ nígbà tó ku ojú ewé méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024 ló gbé AI kékeré wá bá wa. Ẹ ó rántí ọjọ́ yẹn. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wá sọ́dọ̀ wa bàjẹ́ létíkun Ivory Coast, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́rin ni: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Owó ò ṣeé fi ránṣẹ́, oníbébà ò gbà kí a gbé bébà lọ láìrí álààtì, WhatsApp ń yí bíi pé ó ń jó. Ọmọ iṣẹ́ wa kan wà tó ti máa ń fi AI ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tó jẹ wá lówó. Lọ́jọ́ náà, òun náà fọwọ́ lẹ́rán. Ó wá sọ fún mi pé, “Mọ́mì, èyí tó lè máa gbé inú láptọ́ọ̀pù wà o, tí kò nílò dátà.” Mo ní irọ́ ni. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ó fi dátà òru wà á sílẹ̀, ó ní òun ti gbé e sínú ẹ̀rọ wa. Mo pa Wi-Fi, mo pa dátà fóònù mi tì í, mo ní kó kọ lẹ́tà gbèsè kan fún mi. Ó kọ ọ́. Mo wo abẹ́ tábìlì, mi ò rí wáyà kankan.

Láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC ti gba àwọn oníléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà, ọ̀gá wa gan-an ti wá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ju bó ṣe fẹ́ràn àwa òṣìṣẹ́ lọ. Kì í jẹ dátà. Iná láptọ́ọ̀pù nìkan ló ń jẹ, èyí náà ò sì kéré: bó bá ti ń ronú báyìí, fáànù láptọ́ọ̀pù á máa pariwo bí i gríńdà, bátìrì tó yẹ kó gbé wa dé ìrọ̀lẹ́ á sì kú kí a tó jẹun ọ̀sán tán.

Mo bi ọmọ náà bí nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe wọ inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀, àyè tó fi ń ṣiṣẹ́, ò ju 8GB lọ. Ó ṣàlàyé, mo sì fi ojú onítẹ̀wé wò ó. Ó ní nọ́ńbà lásán ni wọ́n, bílíọ̀nù mélòó kan. Èyí tó ní bílíọ̀nù méje, bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 16 (bíìtì ni ẹyọ àyè tó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà), á jẹ àyè 14GB, láptọ́ọ̀pù wa ò lè gbé e. Bí wọ́n bá dín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kù sí bíìtì 4, á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 3.5GB. Mo ní ó ti yé mi. Bí a ṣe ń tẹ fọ́tò sínú ìwé ìròyìn náà nìyẹn: a óò sọ ojú èèyàn di ẹ̀kán ínkì kékeré kékeré. Bí ẹ̀kán yẹn bá tóbi, bébà gbẹ̀rẹ̀fu á gbé e, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á sì mọ̀ pé lágbájá ni. Ṣùgbọ́n ilà ojú ẹ̀ lè má hàn mọ́. Ó ní ọmọ Bulgaria kan tó ń jẹ́ Georgi Gerganov ló kọ llama.cpp, ètò tó ń jẹ́ kí AI ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù lásán, lóṣù Kẹta 2023, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn tí Meta tó ni Facebook gbé AI wọn, Llama àkọ́kọ́, jáde fún àwọn oníwàádìí, pé látìgbà náà ni ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ ńlá ti ń rí nǹkan lò nílé. Láti ibẹ̀ ni àwọn kékeré ti ń ya wá lóríṣiríṣi. Gemma 3 tí Google gbé jáde lóṣù Kẹta 2025, bílíọ̀nù kan ni èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ nígbà náà. Iléeṣẹ́ Lelapa AI ní South Africa ti gbé InkubaLM jáde lọ́dún 2024, kò tó ìdajì bílíọ̀nù, Yorùbá sì wà nínú èdè Áfíríkà márùn-ún tó gbọ́. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ tiwa náà gbé N-ATLaS jáde, ti Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwa ṣe ń sọ ọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹ ò ṣiṣẹ́. Mo ń rí iṣẹ́ yín, mo sì ń kí yín.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù.

Ó mọ iṣẹ́ kan ṣe gan-an. Lẹ́tà gbèsè tó máa ń kọ, ó lọ́wọ̀, ó sì ní eyín nínú. Bí oníbàárà bá fi orúkọ àádọ́ta èèyàn ránṣẹ́ ní rúdurùdu, á tò wọ́n síbi kan kí n tó mu omi tán. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dán ju ti gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé Yorùbá tí kò lámì fún un pé kó fi àmì sí i, tí mo rí i tí àmì ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bí òjò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ojú mi.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Oníbàárà kọ ọ́ báyìí: “Pelu owo ni a fi pe yin.” Ẹ̀rọ náà fi àmì sí gbogbo ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi pé: “Pẹ̀lú owó ni a fi pè yín.” Ọ̀wọ̀ ti di owó. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní Èkó, kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Mo tún un ṣe, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe: ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi nǹkan kékeré ṣe lójú ẹni, ó yẹ kí èèyàn dúró wò ó dáadáa.

Nígbà tó yá, àwọn ẹbí kan láti Múṣin gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá. Ìyá arúgbó, ọmọ rẹpẹtẹ, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹ̀dà. Ọjọ́ Ẹtì ni àìsùn. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, mo ti wo prúùfù iṣẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé gbogbo ojú ewé mẹ́rìndínlógún fún ẹ̀rọ. Ó fi àmì sí i. Mo ka inú ẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo ka orúkọ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ka orin, mo ka ìtàn ìgbésí ayé màmá. Gbogbo ibi tí “ìyá” ti jẹ yọ nínú ìtàn náà ló ti fi àmì tó tọ́ sí i. Ohun tí mi ò kà ni ẹ̀yìn ìwé, níbi tí àwòrán màmá wà pẹ̀lú gèlè aláràbarà, tí a kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Gbogbo ẹni tó bá ń wo prúùfù mọ̀ pé lẹ́tà gàdàgbà ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Ojú á ti rí i tán kó tó kà á.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Ó dìgbà ó ṣe, ìyà rere.”

Àkọ́bí olóògbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá gba iṣẹ́. Ó yí ìwé náà padà, ó gbé dígí sójú, ó dákẹ́. Ó wá kà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kejì. Ó bi mí pé, “Ìyáàfin, ìyà wo ló ń rere?” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé tó bá a wá gbójú sápá kan, ó rọra sọ pé ẹni tó mọ màmá dáadáa ló kọ ọ́. Ẹ ò rí i pé iná ti ràn. Títí tí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìtẹ̀wé, ó ti di ẹni tó gbé oúnjẹ fún màmá àti ẹni tí kò gbé e. A tún ẹ̀yìn ìwé náà tẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó rẹ̀ jáde nínú owó oṣù mi, mi ò sì bá ọ̀gá jà, torí èmi ni mo fọwọ́ sí prúùfù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe nítorí àṣìṣe yẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe kí wọ́n tó bí yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ló dùn mí. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo bi í pé: “Èwo ló tọ̀nà, ‘ó dìgbà ó ṣe, ìyá rere’ àbí ‘ìyà rere’?” Kíá, ó ní ìyá. Ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ó tọrọ àforíjì ní ìpínrọ̀ mẹ́ta. Ó mọ̀ ọ́n! Mo bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú tó nígbà tó kọ ti àná. Ó ní ó dá òun lójú pátápátá.

Ọmọ iṣẹ́ wa ló wá tú àṣírí. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í kàn mú ọ̀rọ̀, pé kó tó kọ ègé kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ fún gbogbo èyí tó ṣeé ṣe ní máàkì, á wá mú ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ètò kan wà tó lè fi máàkì yẹn hàn. Ó ṣí i, a tún gbé gbólóhùn yẹn fún un. Mo fojú ara mi rí i: máàkì “ìyá” àti ti “ìyà” fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú gbólóhùn yẹn, nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò mọ̀. Ó ń ṣiyèméjì bí ọmọ tó dúró ní oríta. Ó wá ṣẹ́ kèké, ó mú ọ̀kan, ó sì fi ojú kan náà tó fi kọ “Jésù” kọ “ìyà rere”.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ fi gbé iyèméjì rẹ̀ pamọ́ fún wa?

Nílé ìtẹ̀wé, bí ẹni tó ń wo prúùfù bá kan ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú, kì í tún un ṣe, kì í sì í fi í sílẹ̀. Á fi bíró pupa yí i po, á kọ àmì ìbéèrè sí etí ìwé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ẹ pe oníbàárà kẹ́ ẹ bi í. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, kí n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá fi àmì ìbéèrè ogún sí ojú ewé kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní bínú sí i. Èyí tí kò bá fi ẹyọ kan síbẹ̀ ni màá máa ṣọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé fún wa yìí kì í béèrè. Níbi tó mọ̀ àti ibi tí kò mọ̀, ohùn kan náà ló fi ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní máàkì yẹn kì í ṣe òdodo nígbà gbogbo, pé ibòmíì wà tí á ti dá a lójú gbangba tó sì jẹ́ pé ó ti ṣìnà. Mo gbà. Èmi náà, ohun tó dá mi lójú ti dójú tì mí rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tó wà hàn mí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ kò bá dá a lójú máa pọ́n lójú ìwé, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ láìlámì kí ojú mi lè kọ lù ú. Nínú ojú ewé mẹ́rìndínlógún, bí ó bá fi ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ hàn mí pé “ẹ bá mi wo èyí”, ọ̀sán mi ti là. Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ gidi.

Mo mọ ìdí tó fi ń ṣòro, ẹ má rò pé mo kàn ń dá yín lẹ́jọ́. Ibo lẹ ti fẹ́ rí Yorùbá tó lámì kó kà? Púpọ̀ nínú èyí tí a ń kọ lórí fóònù, a kì í fi àmì sí i. Irú WhatsApp tí mo tẹ̀ sókè yẹn ni. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 150 tí àmì orí ọ̀rọ̀ ti ń fa àríyànjiyàn nínú ìlú Èkó yìí, láti ìpàdé tí wọ́n ṣe níbí lọ́dún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974, ọ̀pọ̀ ò tíì tẹ̀ lé e títí dòní. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Ẹ wo “ẹ́” yìí, lẹ́tà kan ni lójú wa, ṣùgbọ́n Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ò ní ilé kan ṣoṣo fún un: ẹ wà níbì kan, àmì òkè wà níbòmíì, a ó wá kó wọn pọ̀. Ẹlòmíì á kó “é” pọ̀ mọ́ àmì ìsàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni; lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí mo bá ní kó wá “Ṣẹ́gun” jáde nínú ìwé, kò ní rí èyí tí wọ́n fi ọ̀nà kejì kọ. Fọ́ǹtì ìgbéyàwó aláràbarà tí àwọn ìyàwó fẹ́ràn ńkọ́? Bó bá dé orí “ọ̀”, á gbé páálí kékeré kan jáde, àpótí òfìfo, kálukú á wá máa bi mí pé kí nìyẹn. Mo gbọ́ pé èyí náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yín gé ọ̀rọ̀ Yorùbá wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè jẹ́ ègé kan nígbà tí “ọ̀wọ̀” á di ègé mẹ́ta mẹ́rin, tí yóò sì fi jọ pé ó ń fà nílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù wa. Ẹ bá mi yanjú ìyẹn náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kó máa gbà kọ “ẹ́” jáde, kó sì gba méjèèjì wọlé.

Ẹ sọ fún un kó fi orúkọ èèyàn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Oníbàárà á kọ “Ayo”, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di ayò ọlọ́pọ́n. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ò fi àmì sí orúkọ wọn láti ayé bàbá bàbá wọn, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sí ìwé àṣẹ ilẹ̀ nìyẹn. Ta ni ẹ̀rọ tó fẹ́ kọ́ wọn ní orúkọ?

Kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó fi ojú ewé kan dá mi lóhùn, ó kí mi, ó yìn mí, ó ní ìbéèrè mi dára, ó sọ tẹnu ẹ̀, ó tún bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun sọ sí i. Bí alága ìdúró tí wọn ò tíì ná owó fún. Nígbà míì tí mo bá fi Yorùbá bi í, á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, tó bá dé àárín, á sálọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí òjò ká mọ́ títì. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ tán sí. Kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tìtorí gbogbo ohun tí mo ń wí yìí sọ pé kí n padà sórí èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó tóbi, tó mọ̀ jù. Ọmọ iṣẹ́ wa máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò ìparí sáà iléèwé mẹ́ta ló wà nínú láptọ́ọ̀pù yìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Torí pé àwọn ọ̀gá iléèwé yẹn fọkàn tán wa ni wọ́n ṣe gbé e fún wa, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọ tiwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ òkú wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹbí, nọ́ńbà àkáǹtì tí àwọn èèyàn máa fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ọ̀gá wa ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri. Kí òfin tó dé náà, onítẹ̀wé tó bá ń tú àṣírí kì í pẹ́ nínú iṣẹ́. Ohun tí mo gbé fún èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, inú láptọ́ọ̀pù ló ń kú sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kékeré, tí mo sì fẹ́ kó dúró ní kékeré. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá kó tó lè mọ ìyá yàtọ̀ sí ìyà, láptọ́ọ̀pù wa ò ní gbé e mọ́, ti ẹni tó lówó nìkan ló máa jẹ́.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá yín fi àmì sí ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ lè fi kọ́ṣẹ́, Ṣómólú kún fún wọn. Àwọn obìnrin bí tèmi àti àwọn bàbá tí wọ́n ti ń wo prúùfù láti ayé fíìmù, tí ọwọ́ wọn ti ń dilẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má wá fi “ìfẹ́ èdè abínibí” bẹ̀ wá o. Ojú ewé mélòó, èló ni ojú ewé kan, ìgbà wo lẹ máa san án. Ìwé àwọn oníbàárà wa ò sí níbẹ̀ o, ẹ má tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tiyín wá.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tó lè gbé iyèméjì rẹ̀ síta, ẹ gbé e wá kí a dán an wò. Láptọ́ọ̀pù wa ò ju 8GB lọ, ẹ má gbé èyí tó máa dákú sí wa lọ́wọ́ wá. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ máa bá mi, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Ẹ má wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìsìnkú Èkó máa ń já sórí mi.

Bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí, iṣẹ́ àwọn ará Múṣin ọjọ́sí tún ti wọlé. Ọdún kan pé tí màmá lọ, wọ́n fẹ́ kàlẹ́ńdà ìrántí. Bàbá tíṣà ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti fi bíró kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó fa ilà méjì sábẹ́ “ìyá”.

Èmi ni tiyín,
Obìnrin tó ń wo prúùfù,
Ṣómólú, Èkó.